Omi Tí Kò Gbọdọ̀ Tutù

Kí bàbá mi tó gbé àpótí gíláàsì yẹn wọlé, ọbẹ̀ nìkan la mọ ẹja mọ́ ní ilé wa ní Ìlá. Ọdún díẹ̀ ṣáájú òmìnira ni. Tíṣà ni bàbá mi ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Òyìnbó kan tó kọ́ bàbá mi níṣẹ́ olùkọ́ ń padà sí ìlú rẹ̀, ó sì ń pín ẹrù. Àwọn kan gba àga, àwọn kan gba ìwé. Bàbá mi ni wọ́n fún ní ẹja. Lọ́rì ló wọ̀ bọ̀ láti Òṣogbo, ó gbé àpótí náà lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun, omi sì ń dà sí i lára títí ó fi délé.

Ẹja pupa kéékèèké ni wọ́n, kò sí èyí tó gùn tó ìka mi nínú wọn. N kò ní purọ́, wọ́n lẹ́wà. Ṣùgbọ́n òyìnbó ti kìlọ̀ pé omi wọn kò gbọdọ̀ tutù, kò sì gbọdọ̀ gbóná jù. Bó ṣe wà lánàá ni kó wà lónìí. Tẹmómítà kékeré kan tó ń wọn ooru wà nínú omi náà, bàbá mi sì fi ọ̀dà fa ìlà kan sára gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ibi tí tẹmómítà náà kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá. Ìlà yẹn di ọba ilé wa. Bàbá mi, tí kì í béèrè bí a ṣe sùn, á ti dúró níwájú rẹ̀ kó tó bọ́jú.

Nígbà òjò, wàhálà kò sí. Ọyẹ́ ló kó bá wa. Ẹni tó bá mọ ìlú wa mọ bí ọyẹ́ ṣe ń ti orí òkè sọ̀ kalẹ̀, tí ètè á là, tí ẹsẹ̀ kò ní ṣeé gbé kalẹ̀ láàárọ̀. Bó ṣe dé báyìí, a bá ẹja méjì tí wọ́n léfòó, ikùn wọn sókè. Bàbá mi kò jẹun. Ó gbé láńtà sábẹ́ àpótí náà, èéfín rẹ̀ kun gíláàsì, omi kò sì móoru tó. Ló bá ní kí ìyá mi máa kó ẹ̀yin iná sínú àwo amọ̀ ńlá kan, kó máa gbé e sábẹ́ tábìlì irin tí wọ́n gbé àpótí náà lé. Ìyẹn ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n pálọ̀ ni, ilẹ̀kùn ń ṣí, ilẹ̀kùn ń pa dé, omi kò dúró sójú kan. Bàbá mi bá gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí yàrá ẹ̀yìn.

Àjà pákó ni yàrá yẹn ní, bàbá mi sì fi í ṣe fáàárí gan-an, nítorí àjà ẹní ló wà nínú ọ̀pọ̀ ilé àdúgbò. Fèrèsé kan ṣoṣo ni. Ó fi àkísà dí ibi gbogbo tí pákó fèrèsé kò ti pàdé, ó fi àpò ìdọ̀họ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tó parí, ó pè wá pé ká wá wò ó. Yàrá náà móoru bí abẹ́ adìyẹ tó sàba.

Ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, wà lóko nígbà náà, ní ọ̀nà Òkè-Ìlá. Ọdọọdún ni ọyẹ́ máa ń bá a jà: orúnkún rẹ̀ á wú, ìka rẹ̀ kò ní ká. Bàbá mi ní òun kò ní gbà kí ìyá òun máa gbọ̀n nínú ahéré nígbà tí ẹja ń yáná nínú ilé. Ó lọ mú un wá. Ìfẹ́ ni, mo fẹ́ kó yé yín bẹ́ẹ̀. Ó tẹ́ ẹní fún un sínú yàrá ẹja, ó ní kí èmi máa sùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìyá Àgbà wo àpótí náà títí, ó wo ẹ̀yin iná lábẹ́ rẹ̀.

“Iná ti wà, omi ti wà,” ó fi ohùn ìlú wa sọ. “Ata ló kù. Kí ni aghọn ẹja yìí ń dúró dè?”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, èyí tí kò wọ́pọ̀.

Láàárọ̀ àkọ́kọ́, Ìyá Àgbà ní láti ìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun kò sùn bẹ́ẹ̀ rí. Èmi náà sùn wọra. Àmọ́ bí mo ṣe jí, orí ń fọ́ mi bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀já dì í. Kí n tó dé ilé ẹ̀kọ́, ó ti lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe láàárọ̀ tó tẹ̀lé e, àti èyí tó tún tẹ̀lé ìyẹn. Òòyì ń kọ́ Ìyá Àgbà bó bá dìde, ṣùgbọ́n ó ní kí n má sọ fún ọmọ òun, kó má baà rò pé òun kò moore. Ìyá mi ní ibà ni, pé ọyẹ́ ló gbé e wá. Ó se àgbo. A ń mu ún, a ń jókòó sí oòrùn lẹ́yìnkùlé, ara wa ń yá, gbogbo ilé sì gbà pé àgbo náà dára.

Ọ̀rọ̀ náà wà ní gbangba. Nínú yàrá, orí ń fọ́. Níta, ó ń lọ. Ọmọdé ni mí, n kò rò ó. Àwọn tó yẹ kó rò ó, ojú wọn wà lára tẹmómítà. Inú ṣì ń bí mi di òní.

Ọyẹ́ ń le sí i. Àwọn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í wá sójú omi, wọ́n ń la ẹnu. Bàbá mi ní òtútù ni, ó ní kí wọ́n fi ẹ̀yin iná kún un. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó le jù nínú wọn, mo bì. Ìyá mi ní kí n wá sùn lọ́dọ̀ òun, kí n má baà kó ibà ran ìyá arúgbó. Mo ká ẹní mi. Ìyá Àgbà ní kí n tètè gbádùn, pé ẹsẹ̀ òun yóò máa wá mi. Bàbá mi wọlé lọ wo omi, ó da ẹ̀yin iná sí i, ó kí ìyá rẹ̀ pé ó dàárọ̀, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ìyá mi gbé ẹ̀kọ gbígbóná lọ fún un. N kò gbọ́ igbe. Ìró abọ́ tó bọ́ sílẹ̀ ni mo gbọ́. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, bàbá mi ti wà níbẹ̀, ó di férémù mú. Ìyá Àgbà fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, aṣọ bò ó dé èjìká, ètè rẹ̀ pọ́n ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Àwọn ẹja ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Tẹmómítà wọn wà lójú ìlà gan-an.

Àwọn ará ilé dé. Wọ́n ní ó dàgbà, ó darúgbó, wọ́n ní ikú ìrọ̀rùn ni. Àwọn ìyá ìjọ tò wọ yàrá náà, wọ́n ń fọwọ́ kan ògiri tó ṣì móoru, wọ́n ń kí bàbá mi pé ó kú ìtọ́jú, pé inú ooru ni ìyá rẹ̀ sùn lọ, pé kí Ọlọ́run fún àwọn náà ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ń dúpẹ́. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ṣí fèrèsé yàrá náà sílẹ̀ gbayawu. Àwọn ẹja kú láìpẹ́, kò sì wò wọ́n. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ni.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àlejò ṣì ń wọlé. Káfíńtà kan wà ní ilé kejì sí wa, ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nínú ọyẹ́ náà. Ó wá jókòó tì wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Bàbá mi béèrè ìyá àti ọmọ, bí ẹni tí kò retí ìdáhùn.

“Wọ́n wà, Tíṣà,” ọkùnrin náà ní. “Ọghọ́ yín ni mo ti kọ́ ọ. Mo ti kan pákó mọ́ gbogbo ojú fèrèsé, mo sì gbé ẹ̀yin iná wọlé fún ghọn. Ghọn ń sùn níbẹ̀ báyìí.”

Bàbá mi dìde. Kò wọ bàtà. Ọkùnrin tí kì í yára rìn láàárín ìlú ń sáré, èmi àti ìyá mi ń sáré tẹ̀lé e. Nígbà tí a débẹ̀, ó ti fi èjìká ti ilẹ̀kùn, ó ń fi ọwọ́ lásán fa pákó ya lójú fèrèsé, ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní ìka rẹ̀. Òun àti káfíńtà wọ́ ìyá ọmọ náà síta. Ìyá mi gbé ọmọ. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, ó gbọ̀n ọ́n, ó tún fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ọmọ náà pẹ́ kó tó ké.

Ìyá ọmọ ń bì sílẹ̀. Káfíńtà dọ̀bálẹ̀, ó ń dúpẹ́, kò tíì mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún. Ìyá mi gbé ọmọ náà mọ́ àyà, ó yíjú sí bàbá mi. Kò gbé ohùn sókè.

“Baálé mi, ìgbà wo lẹ ti mọ̀?”

“Láàárọ̀ yẹn,” bàbá mi ní. “Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà.”

“Ẹ sì jẹ́ kí gbogbo wọn wá wo yàrá náà.”

Bàbá mi na ọwọ́ sí mi. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun. Láti ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀, láti ilé dé ilé, gbogbo ẹni tó wá kí wa. Ní ilé àkọ́kọ́, ó ní kí wọ́n má sùn nínú ilé tí wọ́n ti pa dé pẹ̀lú ẹ̀yin iná. Wọ́n bi í pé kí ló dé, ṣebí bẹ́ẹ̀ ló ṣe tọ́jú ìyá rẹ̀. Kò rí ọ̀rọ̀ náà sọ, a sì rí i pé wọn kò gbà á gbọ́. Ní ilé tó tẹ̀lé e, ó sọ ọ́: atẹ́gùn burúkú inú ẹ̀yin iná, tí kò rí ọ̀nà jáde, ló pa ìyá òun. Ó di ìrọ̀lẹ́ kí a tó dé ilé tó gbẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ ti há, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti là, ó ṣì dúró níwájú àwọn arúgbó tó ti ń súre fún un, ó ń sọ ọ́ pé: “Èmi ni mo dí fèrèsé mọ́ ìyá mi.”