Àgádágodo Orí Kànga Ìgàndò

Wọn ò tíì kí ìrun Àsùbáà tán ní mọ́sáláṣí ẹ̀yìnkùlé wa tí mo ti wà lẹ́nu géètì, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, àpò léjìká. Láti Ayọ̀bọ̀ ni mò ń lọ sí Ìgàndò. Ẹni tó mọ Alímọ̀ṣọ́ lè rẹ́rìn-ín pé mo pe ìyẹn ní ìrìn àjò. Kí ó kọ́kọ́ bá mi rìn ín ná.

Iṣẹ́ ọ̀gbìn ni mo kọ́ ní yunifásítì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn olóko ẹ̀fọ́ kan tí wọ́n ń dáko lẹ́bàá kánáàlì ní Ìgàndò, tí mo ń kọ́ wọn bí ẹ̀fọ́ ṣe lè ti orí ebè dé inú ìkòkò láìkó àìsàn bá ẹni tó máa jẹ ẹ́. Ìgbẹ́ adìyẹ gbọ́dọ̀ jẹrà dáadáa kí a tó lò ó. Ẹni tó bá fọ́n oògùn kòkòrò gbọ́dọ̀ dúró kí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ike oògùn pé, kó tó já ewé kankan. Omi kànga ni kí a fi fọ̀ ọ́, kì í ṣe omi kánáàlì tí gbogbo àdúgbò ń da ẹ̀gbin sí. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, olùyẹ̀wò kan ń bọ̀ láti ilé ìtajà ńlá kan. Bí oko náà bá yege, wọn yóò máa ra ẹ̀fọ́ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí kò bá yege, ẹbí tó ni ilẹ̀ ti sọ ọ́ sójú wọn pé oníbúlọ́ọ̀kù ni àwọn máa gbé e fún, nítorí oníbúlọ́ọ̀kù kì í wá sunkún pé ewé rọ mọ́ òun lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ ọ̀nà ná. Kòtò kan wà kí a tó dé ibi tí ọ̀dà ti bẹ̀rẹ̀, mo mọ̀ ọ́n láti kékeré rẹ̀. Ó ti dàgbà, ó ti bímọ. Mo wọ kọ̀rọ̀pẹ̀, bọ́ọ̀sì kékeré tí orúnkún ẹni fi ń kan àgbọ̀n ẹni. Awakọ̀ ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rin náírà ni òun máa gbà dé Ìyánà Ìpájà. Lánàá, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ni.

"Kí ló fà á?" ni mo bi í.

"Òjò ni, bọ̀dá."

"Òjò wo? Ṣé o ò rí ilẹ̀ bó ṣe gbẹ ni?"

"Ó máa rọ̀. Ẹ wo ojú ọ̀run."

Ìyá kan dá sí i láti ẹ̀yìn: "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Tó bá rọ̀ tán, á tún gbowó ẹrẹ̀."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi ò bá wọn rín in. Ní ibùdókọ̀ Command, awakọ̀ tún há ẹnì kẹta mọ́ àwọn méjì tó wà níwájú. Mo sọ fún un pé ó lòdì sí òfin. Ó ní bí mo bá fẹ́ kí ọkọ̀ fúyẹ́, kí n sọ̀ kalẹ̀.

Ní Ẹgbẹ́dá mo jẹ mọ́ínmọ́ín elewé pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù. Ó dùn, mi ò ní parọ́. Ní Ìkòtún, bí mo ṣe ń dúró de kẹ̀kẹ́ Márúwá, mo rí obìnrin kan tó ń yí ìdì ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ wò. "Erùpẹ̀ pọ̀ jù nínú eléyìí," ó wí fún ẹni tó ń tà á, "ẹ fún mi ní èyí tí ojú ẹ̀ tutù." Wọ́n fún un ní èyí tí omi ń kán lára rẹ̀. Kò béèrè ibi tí omi náà ti wá. Ní ìlú ìyá mi, ẹ̀fọ́ tí kò bá ní erùpẹ̀ nídìí ni wọ́n ń fura sí. Wọ́n á ní ọjọ́ wo lẹ ti já a.

Mo dé oko. Ìyá Mọ́ríámọ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí í ṣe olórí wọn, wé gèlè tuntun bí ẹni ń lọ síbi ìkómọ.

"Tíṣà, ẹ káàbọ̀! Ẹ wá wo bí a ṣe múra."

Wọ́n ti to ìdì ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ sórí ọ̀rá funfun, gbogbo rẹ̀ ń dán. Inú mi ń dùn lọ, àfi ìgbà tí mo wo kànga. Wọ́n ti gbá àyíká rẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n sì fi àgádágodo ti ìdérí onírin rẹ̀ pa.

"Ta ló ti kànga, Ìyá?"

"Àwa ni. Láti àná. Kí olùyẹ̀wò lè bá a ní mímọ́. Ẹnikẹ́ni ò fi korobá kàn án."

"Omi wo wá lẹ fi fọ ẹ̀fọ́ yìí?"

Bàbá Ráfíù, tí ebè tirẹ̀ kángun sí ti Ìyá, ló fi àgbọ̀n júwe kánáàlì. "Tíṣà, ṣé a ó gbé ẹ̀fọ́ elérùpẹ̀ síwájú àlejò ni?"

Èmi tí mo ti bá gbogbo ayé jà láti Ayọ̀bọ̀, mo kàn ń fọwọ́ yí àgádágodo náà wò. Ìyá mi sọ sí mi lọ́kàn, bó ṣe máa ń ti àwo tó dáa mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù de àlejò, tí àwa ọmọ rẹ̀ á máa jẹun nínú páànù tó ti jẹ lẹ́nu. Ta ni mo fẹ́ bá wí? Wọ́n gba ẹ̀kọ́ mi gbọ́. Wọ́n gbà á gbọ́ débi pé wọ́n tì í pa.

Kí a tó kó ẹ̀fọ́ náà kúrò nílẹ̀, ọ̀kadà olùyẹ̀wò ti dé. Ó pẹ́, kò sì tọrọ àforíjì. Bàtà ọ́fíìsì ló wọ̀, ó sì gba orí ebè ewédú kọjá. Ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún obìnrin tó ń kí i ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ohùn rẹ̀ ti tú u fó pé ọmọ Ìbàdàn ni. Ó wo kòtò ìgbẹ́ adìyẹ, ó wo ibi tí wọ́n ń kó oògùn sí. Ìyá Mọ́ríámọ̀ bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó ṣí kànga fún un. Ọkùnrin náà yọjú wò ó, ó mi orí pé ó dára.

"Ẹ yege," ó wí, ó fa bírò yọ. Ìgbà yẹn ni Yorùbá padà sí i lẹ́nu. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ìdì ṣọkọ kan. "Ìyá, ẹ ẹ̀ ní fi èyí ṣe mí lálejò? Ìyàwó mi wà nínú oyún, ṣọkọ nìkan ló ń jẹ lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí."

Mo wo Ìyá Mọ́ríámọ̀. Kò wò mí.

"Gbé e sílẹ̀, ọmọ mi," ó wí. "Omi kánáàlì la fi fọ èyí."

"Yéè!" Bàbá Ráfíù ká ọwọ́ lérí. "Ìyá, ẹ ti pa wá!"

"Ìyàwó ẹ̀ lóyún, Bàbá Ráfíù. Ṣé kí n máa wò ó níran ni?"

Ó ròyìn àgádágodo náà fún olùyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọkùnrin náà dá bírò padà sápò. Ó ní òun ò lè fọwọ́ sí i mọ́. Ni ẹnu mi bá là: mo sọ ti ìpẹ́lẹ́yìn rẹ̀, mo sọ ti bàtà rẹ̀, mo sọ pé gbogbo ìlànà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn olóko wọ̀nyí, Gẹ̀ẹ́sì ni, èmi ni mo ń túmọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà," ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Ìyá Mọ́ríámọ̀ da gbogbo ìdì dídán náà sínú kòtò ìdalẹ̀nù. Ó yọ àgádágodo, ó fi í lé mi lọ́wọ́. "Ẹ mú u lọ sí Ayọ̀bọ̀. Tó bá wà níbí, a ó tún fi ti kànga de àlejò míì." Ó já tẹ̀tẹ̀ fún mi, erùpẹ̀ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Mo dúpẹ́, mo lọ.

Òjò tí awakọ̀ ti gbowó rẹ̀ láàárọ̀ wá rọ̀ lọ́sàn-án. Láti Ìyánà Ìpájà, ẹgbẹ̀rún kan náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, mo sì fi ẹsẹ̀ mi wọ́ kòtò àdúgbò wa já. Bí mo ṣe ń fa géètì ni fóònù mi dún.

"Tíṣà! Ó padà wá o!"

"Ta ni, Ìyá?"

"Olùyẹ̀wò yín! Ó lọ jẹun ní ìkòríta, ó yí padà, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó bá wa nídìí kànga tí a ń fa omi, Bàbá Ráfíù ò tiẹ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó dúró títí a fi fọ ẹ̀fọ́ tuntun tán. Ó ti fọwọ́ sí i! Ó sì gba ìdì kan fún ìyàwó ẹ̀."

"Ṣé ó tún tẹ ewédú mọ́lẹ̀?"

"Ká má rí i! Ẹ̀gbẹ́ ebè ló gbà. Mo ti kìlọ̀ fún un."

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, aṣọ mi ń kán. Ìmọ́tótó tí a bá ń tọ́jú de àlejò, ojú àlejò nìkan ló ń jẹ ẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo mú bọ̀ láti Ìgàndò nìyẹn.

"Tíṣà," Ìyá tún wí, "kọ́kọ́rọ́ àgádágodo yẹn ṣì wà lọ́rùn mi o. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ sí yín?"

Mo ní kó má fi ránṣẹ́. Àgádágodo wà ní Ayọ̀bọ̀, kọ́kọ́rọ́ wà ní Ìgàndò, gbogbo kòtò tí mo ti ń bú láti àárọ̀ sì wà láàárín wọn. Lẹ́ẹ̀kan yìí, mi ò rojọ́ ọ̀nà.