Èéfín Inú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ọjọ́ tí èéfín ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àbúrò mi ni n kò lè gbàgbé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ nígbà náà. Bàbá ń fi ọkọ̀ asáré tó rà l'Ékòó gbé wa bọ̀ láti Ògòtún. Páìpù èéfín ń jò nídìí ẹ́ńjìnnì, a kò mọ̀. Lójijì, Dúpẹ́ dákú lé mi léjìká. Mo figbe ta. A gbé e sí gbangba, a ń fẹ́ ẹ títí ó fi lajú.

“Ẹ tà á,” ni Màmá wí.

“N kò ní ta ikú fún ọmọ ẹlòmíràn,” ni Bàbá dáhùn.

Nígbà tí a délé ní Ìkéré, Bàbá tú páìpù náà, ó ha ẹnu rẹ̀ títí ó fi tẹ́jú, ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun tó ń dí ojú ìsopọ̀ sí i, ó sì dè é pinpin. Èéfín kò jò mọ́. Màmá wọnú ọkọ̀, ó sì gbé Dúpẹ́ lé itan.