Atẹ́gùn Àárín Àtẹ́lẹwọ́ Méjì

Òórùn ọṣẹ àti káńfọ̀ ló máa ń kún yàrá wa ní àdúgbò Nima, torí ibẹ̀ náà ni mo ń kó ọjà mi pamọ́ sí. Àárín àwọn páálí ọṣẹ wọ̀nyẹn ni mo ti ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn orí ọmọ mi bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Ọmọ náà kò tíì ju ọmọ ìrìnsẹ̀ lọ. Àìsàn yírùnyírùn ti dá a dùbúlẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ọlọ́run yọ ọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ara rẹ̀ ti yá, bí mo bá pè é, kì í dáhùn mọ́. Kódà ìpè àdúrà mọ́sálásí ẹ̀yìn ilé wa kì í jí i.

Bí mo bá pàtẹ́wọ́ lókèèrè, kò ní mira. Bí mo bá sún mọ́ ọn, tí mo pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ gan-an, á yíjú. Ìyẹn ni èmi àti ìyá ọkọ mi dì mú. “Ọmọ yìí ń gbọ́,” ni ìyá ọkọ mi máa ń wí. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ mi fi ń ta mí.

Nígbà tó yá, èmi, ìyá ọkọ mi àti ọmọ náà wọ bọ́ọ̀sì trotro lọ sí ọsibítù. Obìnrin dókítà tó ń yẹ etí wò fi ẹ̀rọ dán ọmọ náà wò, ó sì mi orí. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ó ń gbọ́ àtẹ́wọ́.” Mo pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ọmọ náà. Ó yíjú. Dókítà kò jiyàn. Ó mú páálí kan, ó fi dí àárín ọwọ́ mi àti ọrùn ọmọ náà. Ó ní, “Ẹ tún àtẹ́wọ́ náà pa.” Mo pa á kíkankíkan. Ọmọ mi ń fi bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ ṣeré lọ.

Ó fi èdè Twi ṣàlàyé fún mi, jẹ́jẹ́. “Maame, bí ọwọ́ méjèèjì bá pàdé lójijì, atẹ́gùn àárín wọn kì í ríbi gbà. Á fún pọ̀, á tú jáde, á gbá atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà á gbá òmíràn, títí yóò fi mi awọ fẹ́lẹ́ inú etí. Ohun tí à ń gbọ́ nìyẹn. Àmọ́ nítòsí, ó tún máa ń fẹ́ síni lára. Fífẹ́ yẹn ni ọmọ yín ń mọ̀. Àìsàn yẹn ti ba inú etí rẹ̀ jẹ́.”

Mo kórìíra obìnrin yẹn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níta, ẹkún kò tiẹ̀ wá. Ìyá ọkọ mi gbé ọmọ náà sẹ́yìn, a sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Ó pẹ́ kí n tó gbà. Èmi àti ọmọ mi jọ kọ́ èdè ọwọ́, ó sì ń lọ sílé ìwé àwọn adití báyìí. Lọ́jọ́ kan, ó fọwọ́ bi mí léèrè ìdí tí àwọn èèyàn fi máa ń gbá ọwọ́ pọ̀. Gbogbo àlàyé dókítà yẹn ni mo fọwọ́ sọ fún un, láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ó fọwọ́ dá mi lóhùn pé, “Atẹ́gùn ló ń sáré.” Mo rẹ́rìn-ín, omi sì bọ́ lójú mi. Àlàyé tó já mi kulẹ̀ lọ́sibítù nìkan ni mo ní tí mo lè fi gbé ìró kan dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi.