Ìtàdógún Tí Mo Kọ́ Kọ̀ǹpútà

Dókítà egbò kì í gbé Ifangni, ìlú wa. Láti Porto-Novo ló ti ń wá sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe akọ̀wé. Bó bá wá ní Ọjọ́rú yìí, á fo èyí tó kàn.

Mi ò kàwé jìnnà, cinquième, ọdún kejì ilé ìwé girama, ni mo ti kúrò. Orí fóònù ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà, mo sì fẹ́ kí ayé mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Mo wá kọ èyí tí á máa tẹ ọjọ́ ìpadàbọ̀ aláìsàn sórí ìwé pélébé. Oṣù ni kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ń kọ ṣíwájú ọjọ́, bíi ti òyìnbó Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi bá a jà kó tó máa kọ ọ́ bíi ti Faransé, pẹ̀lú orúkọ ọjọ́. Ó dùn mọ́ mi. Iye ọjọ́ tí mo ní kó fi kún òní, mi ò tún wò ó: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Major wa, nọ́ọ̀sì àgbà, ló ṣáà ní, "Quinze jours, ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ni kóo kọ."

Ìyá àgbà kan láti Ko-Koumolou, tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ló kọ́kọ́ gba ìwé náà ní Ọjọ́rú kan. Ó ní kí n kà á fún òun.

"Jeudi, màmá. Ọjọ́bọ̀."

Ó fi ìka ka ọjọ́, òní ló fi ṣe ọ̀kan. "Ìtàdógún òní, Ọjọ́rú ni, ọmọ mi. Àbí ẹ ti yí ìyẹn náà padà?"

"Màmá, kọ̀ǹpútà kì í ṣì í kà."

"Ó dáa, alákọ̀wé."

Òótọ́ ló sọ. Àwa a máa ka òní mọ́ ọn, Faransé náà ń kà á bẹ́ẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í kà á. Mẹ́rìnlá ló yẹ kí n kọ. Àwọn aláìsàn tó ń gbé ìlú rí ọkọ̀ dókítà ní Ọjọ́rú, wọ́n wá. Ìyá sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà zémidjan ní Ọjọ́bọ̀, dókítà ti lọ. Kí dókítà tó tún padà dé, ẹsẹ̀ ìyá ti dúdú. Wọ́n gé e ní orúnkún.

Nígbà tí Major bi mí, mo ní ìyá ló ṣi ọjọ́. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìtọ́jú ìyá. Lẹ́yìn náà ni mo pa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ́ nínú ètò náà, mo fi mẹ́rìnlá síbẹ̀. Kò gbà mí ní ìṣẹ́jú kan.

Mo lọ bá ìyá nílé, mo jẹ́wọ́.

"Mo mọ̀ pé Ọjọ́rú ni," ó ní. "Mo ti wẹ̀, mo ti múra. Ọmọ mi ló ní kí n dúró, pé ohun tó wà nínú ìwé ni ká tẹ̀ lé."

Mo béèrè bóyá iṣẹ́ kan wà tí mo lè bá a ṣe. Ó wo oko rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Koríko ti bò ó láti ìgbà tí wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Kí lo fẹ́ ṣe sí i, alákọ̀wé?" ó bi mí.