Ọ̀rọ̀ Kékeré Tó Fọ́ Ìyẹ́ Bàálù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ gbà mí láyè kí n sọ ohun kan tó ti ń dùn mí láti ìgbà tí mo wà ní Sókótó. Ó ti pẹ́ o! Ìgbà tí GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ tèmi-tìrẹ ni. Síbẹ̀, bí mo bá gbọ́ tí bàálù ń kù lókè, ọ̀rọ̀ náà á tún sọ sí mi lọ́kàn.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń tọ́jú bàálù àti èrò ní pápá bàálù ni mo ń bá ṣiṣẹ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ẹnu mi kì í sì í dákẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi mí sídìí èrò. Ta ni ì bá tún pariwo mọ́ aláàjì tó fẹ́ gbé odidi àpò ẹran kílíṣí wọ bàálù bí kì í bá ṣe èmi?

Lọ́jọ́ lásán, pápá náà máa ń dá páropáro ni. Àmọ́ bí àsìkò Mẹ́kà bá dé, háà! Bàálù yóò dúró gba bàálù, èrò yóò kún ilẹ̀, ooru ẹ̀rọ yóò máa fẹ́ lu gbogbo wa lójú. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, inú ọyẹ́ ni Hájì bọ́ sí. Eruku bo ojú ọ̀run, a ò rí ọ̀ọ́kán dáadáa.

Àwọn méjì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n. Láyí ni àkọ́kọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, àbúrò ló jẹ́ sí mi, Àǹtí Dúpẹ́ ló ń pè mí. Èkejì ni Malam Garba, ará Sókótó gan-an, tó ń pè mí ní Hajiya bó tilẹ̀ mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ.

Iṣẹ́ Malam Garba ni láti dúró níwájú bàálù tó bá ń rìn nílẹ̀, pẹ̀lú pátákó pupa méjì lọ́wọ́, kó máa júwe fún páílọ́ọ̀tì: máa bọ̀, yà, dúró. Láyí ní tirẹ̀ yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ́, kó máa ṣọ́ ọ kó má lọ kọ lu nǹkan. Ṣé ẹ mọ̀ pé páílọ́ọ̀tì bàálù ńlá kì í rí ṣóńṣó ìyẹ́ rẹ̀ láti ibi tó jókòó sí? Garba ni ojú páílọ́ọ̀tì, Láyí ni ojú Garba.

Àwọn méjèèjì mọwọ́ ara wọn púpọ̀. Igbá fura kan náà, ọkà tí wọ́n pò mọ́ wàrà, ni wọ́n jọ ń mu. Haúsá Láyí kò ju èyí tí yóò fi ra ẹran lọ, Yorùbá Garba kò sì ju "ẹ káàárọ̀" lọ, èyí tó máa ń kí wa títí di ìrọ̀lẹ́. Pijin ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í kúrò lẹ́nu Garba, "to." Ẹni tó bá ti gbé ilẹ̀ Haúsá rí mọ̀ ọ́n. "To" lè jẹ́ "mo gbọ́", ó lè jẹ́ "ó dáa", ó sì lè jẹ́ "máa lọ, kò séwu." Láyí a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́: "To, to, to, Malam, ṣé ẹ ò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn ni?"

Lọ́jọ́ náà, bàálù ńlá kan ń rọra yí bọ̀ láti wá kó àwọn aláàjì. Bàálù kékeré kan ti wà lápá òsì, ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò tì í wọlé dáadáa, ìdí bàálù náà yọ síta. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú èrò mi, wọkitọ́kì wà lọ́wọ́ mi kí wọ́n lè sọ fún mi ìgbà tí mo máa kó wọn jáde. Láyí náà mú tirẹ̀ lọ́wọ́, Garba sì so tirẹ̀ mọ́ àyà.

Ni mo bá gbọ́ ohùn Láyí nínú wọkitọ́kì: "Ó tó! Ó tó!" Ohùn náà ti yàtọ̀. Mo wo Garba. Pátákó rẹ̀ ṣì ń pe bàálù: máa bọ̀, máa bọ̀.

Kràà! Ìyẹ́ bàálù ńlá ti wọ inú ìdí bàálù kékeré. "Innalillahi!" ni gbogbo èrò mi ké. Ìyá arúgbó kan di ọwọ́ mi mú, ó ń bi mí ní Haúsá bóyá a ti dé Jídà ní Saudi. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ẹkún fẹ́ pa mí. A dúpẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò fara pa.

Láyí sáré bá Garba, ó ń pariwo ní Pijin pé òun ní kó dúró, kí ló dé tí kò dúró? Garba búra, wallahi, pé kó máa bọ̀ lòun gbọ́. Láyí pè é ní òpùrọ́. Garba dá a padà fún un. Àwọn tó jọ ń mu fura láàárọ̀ o!

Wọ́n pè wá sí ọ́fíìsì máníjà. Páílọ́ọ̀tì ní ẹni tó wà níwájú òun lòun tẹ̀ lé. Garba ní ẹni tó wà nídìí ìyẹ́ lòun tẹ̀ lé. Láyí ní òun sọ pé kó dúró. Wọ́n bi í pé ọwọ́ méjèèjì tó yẹ kó gbé sókè kó fi ṣe àgbélébùú ńkọ́, tó jẹ́ àmì dídúró? Ó ní wọkitọ́kì wà lọ́wọ́ kan, òun ju èkejì sókè, ṣùgbọ́n eruku ò jẹ́ kó hàn. Ẹni tó fi ìdí bàálù kékeré síta ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò bi í.

Wọ́n wá kọjú sí mi. Kí lèmi gbọ́? Òyìnbó ni wọ́n fi bi mí, òyìnbó náà ni mo fi dáhùn: mo ní Láyí sọ fún un pé kó dúró, etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́. Òótọ́ ni mo sọ, àbí irọ́ ni?

Malam Garba wò mí. "Hajiya, har da ke?" Ìyẹn ni pé, Hajiya, títí kan ìwọ náà? Wọ́n dá a dúró níbi iṣẹ́, wọ́n sì fi orúkọ òpùrọ́ lé e.

Lẹ́yìn náà, mo lọ sí Minanata, àdúgbò Garba, láti kí ìyàwó rẹ̀, Maman Ladi. Obìnrin ni mí, mo lè wọ inú ilé tí àlejò ọkùnrin kì í dé. Kò bá mi jà. Ó ní kí n jókòó, ó ń bu túwó sínú abọ́ fún mi. Mo fi èdè ilé mi sọ pé, "Ó tó." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "to," ó tún bù ú. Mo ní, "Ó tó, ó tó!" Ó tún fi kún un! Mo wo abọ́ tó ti kún dẹ́nu, ọ̀rọ̀ wọkitọ́kì ọjọ́ yẹn sì sọ sí mi lọ́kàn.

Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta níbi tí Garba jókòó sí. Mo ní kó sọ fún mi, ọ̀rọ̀ wo gan-an ló gbọ́ lọ́jọ́ yẹn? Ó ní, "To, to." Ẹ̀yin tí ẹ ti lo wọkitọ́kì rí, ẹ mọ̀ pé ó máa ń gbé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mì. "Ó" ti lọ, "tó" ló kù; etí Yorùbá tèmi ló bá mi fi "ó" kún un. Ìbẹ̀rù mú Láyí, ó gbàgbé Pijin, ó ké ní èdè ìyá rẹ̀. Garba sì fi èdè ìyá tirẹ̀ gbọ́ ọ. Nínú ọ́fíìsì ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó pe ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jẹ́. Èmi náà ti sọ ọ́ di òyìnbó! Mo jókòó, mo sì túmọ̀ rẹ̀ fún un, mo ní lọ́dọ̀ wa, "ó tó" ni pé kó dúró, kò gbọdọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó mi orí títí.

Mo gun ọ̀kadà lọ bá Láyí ní àdúgbò Mabera. Nígbà tí mo sọ fún un, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí. Lọ́jọ́ kejì a lọ bá máníjà. Ó gbọ́ wa títí, ó tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó wà níwájú bàálù tí kò rí ọwọ́ ẹni ìdí ìyẹ́, ńṣe ló yẹ kó dá bàálù dúró. Ó ní ìwé ti lọ sí olú ilé iṣẹ́, kò sí ohun tóun lè ṣe.

Kò purọ́ o, òfin nìyẹn. Ṣùgbọ́n páílọ́ọ̀tì tí eruku ò jẹ́ kó ríran, tí kò sì dúró ńkọ́? Ẹni tó fi ìdí bàálù síta ńkọ́? Máníjà tó kó wọkitọ́kì fún Yorùbá àti Haúsá, tí kò sọ ọ̀rọ̀ tí wọn yóò máa lò ńkọ́? Ẹrù gbogbo wa, orí ẹnì kan la gbé e lé. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Láyí ní òun gbọ́dọ̀ bẹ Garba. A jọ lọ. Bó ṣe wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Haba!" ni Garba ń wí, ó ń fà á dìde, nítorí wọn kì í dọ̀bálẹ̀ fún ènìyàn lọ́dọ̀ tiwọn. Láyí kò dìde. "Ẹ má bínú, Malam, ẹ má bínú," ó ń wí i léraléra pẹ̀lú omi lójú.

Garba gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ó ní, "To." Ó wọlé lọ. Kí Hájì mìíràn tó dé, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sí abúlé àwọn bàbá rẹ̀, a ò sì rí wọn mọ́.

Àwọn àgbà ní àgbọ́ìgbọ́tán Ègùn, ìjà ní í dá sílẹ̀. Kí ẹ tó pe ọ̀rẹ́ yín ní òpùrọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í pé kí ló gbọ́ gan-an. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ti da àárín yín àti ọ̀rẹ́ rú báyìí rí, ẹ sọ tiyín fún wa nísàlẹ̀ yìí.

Ẹ sì bá mi dá a, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè méjèèjì. Ẹ má gbàgbé pé mo ti túmọ̀ tiwa fún un. Èyí tí Garba sọ fún Láyí lọ́jọ́ yẹn, ṣé "to" tiwọn ni, pé ó dáa, mo ti gbọ́? Àbí "ó tó" tiwa, pé kó parí síbẹ̀?