Olóògbé Anselme Trocheru Lọ Wo Fíìmù Rẹ̀

Tí ẹ bá fẹ́ kí àwa ará Corvigny bọlá fún yín, ẹ kọ́kọ́ kú ná. Mi ò ṣàwàdà. Ìlú wa kì í fi orúkọ alààyè sọ títì tàbí afárá, torí alààyè lè jalè lọ́la kó sì dójú ti gbogbo wa. Òkú ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orúkọ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ràn nígbà ayé wọn fi kún ara ògiri wa.

Létí omi ìsàlẹ̀ ìlú ni wọ́n ti bí Anselme Trocheru. Bàbá rẹ̀ ló ń ṣí ilẹ̀kùn ńlá tí wọ́n fi sé omi fún àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń kọjá. Ọmọ náà lọ sí Paris, ó di olùdarí fíìmù, ó ṣe fíìmù díẹ̀ tí ẹ ò gbọ́ rí. Àwa náà ò gbọ́ rí. Èyí tó fẹ́ràn jù dá lórí iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ gan-an ló sì fi parí rẹ̀: obìnrin náà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́, ọkọ̀ kan ń rọra kọjá, ó sì ń bó o lọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò sọ̀rọ̀ kankan.

Vauquelin, ọ̀gá tó náwó sí fíìmù náà, béèrè pé ta ló fẹ́ wo arúgbó tó ń bó ẹ̀wà. Ó gé e kúrò. Àwọn oníwèé ìròyìn Paris, àwọn tó mọ ohun gbogbo, wo ìyókù, wọ́n sì kọ ọ́ pé fíìmù náà ì bá dára, àmọ́ kò níparí. Ọpọlọ wọn mà pé o. Ìyá Anselme kú láì rí ara rẹ̀ nínú fíìmù.

Látìgbà yẹn, nǹkan kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Anselme: kí àwọn ará ìlú rẹ̀ jókòó wo ìyá òun dópin. Ó wá ibi tí wọ́n gé náà rí, ó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ ẹ́ padà. Nígbà tí Paris sú u, ó gbé e wálé, ó sì ń gbé lọ́dọ̀ Léontine, àbúrò rẹ̀. Àràárọ̀ ló ń wá ra búrẹ́dì ní gbàgede, "ẹ̀gbọ́n Léontine" la sì ń pè é. A ò béèrè iṣẹ́ tó ṣe rí. Òun náà, pẹ̀lú ìgbéraga rẹ̀, kò sọ.

Ìgbà tó yá, ìlú kọ́ gbọ̀ngàn fíìmù. Wọ́n wá orúkọ ọmọ ìlú tí wọ́n máa fi sọ ọ́, ẹnì kan sì rí ti Anselme nínú ìwé àtijọ́ kan. Níwọ̀n bí kò ti hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbà pé ó ti kú, wọ́n sì yan ọdún ikú tó bójú mu fún un. Wọ́n ní fíìmù rẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣí gbọ̀ngàn náà.

Ibi tí Léontine ti ń ra ehoro ló ti rí ìkéde náà.

"Bọ̀dá," ó wí nígbà tó délé, "wọ́n ní ẹ ti kú."

"Nígbà wo?"

"Lọ́dún 1989. Ta ló wá ń jẹ ehoro mi látìgbà yẹn?"

Anselme lọ bá Coquelet, alága ìlú. Coquelet wò ó bí ẹni tó rí àlejò tí kò pè. Ó ní wọ́n ti gbẹ́ orúkọ náà sára òkúta.

"Ẹ má bínú, Bàbá," ó wí. "Tẹ́ ẹ bá wà láàyè, kò sí gbọ̀ngàn, kò sí fíìmù. Ẹ ṣáà wá lọ́jọ́ tá a bá ṣí i bí ẹbí olóògbé."

Anselme bi í bóyá wọ́n máa fi fíìmù tó wà lọ́wọ́ òun hàn dópin. Coquelet fi ìyá rẹ̀ búra. Bí Anselme ṣe gbà láti kú nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, Coquelet yin ìrẹ̀lẹ̀ olóògbé títí oorun fi ń kùn wá. Olóògbé jókòó níwájú nínú kóòtù dúdú. Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ jókòó ti abọ́ ẹ̀wà, Anselme di ọwọ́ Léontine mú. Ìgbà yẹn gan-an ni òórùn búrẹ́dì kéékèèké oníwàràkàṣì wọlé láti ìta. Lọ́dọ̀ wa, àkókò wáìnì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Coquelet gbọ́wọ́ sókè, iná tàn, ọkọ̀ dúró láàárín omi. Ó ní olóògbé náà ì bá fẹ́ ká lọ mu nǹkan.

Anselme dìde.

"Olóògbé ò fẹ́ mu nǹkan kan. Èmi ni olóògbé. Ẹ jókòó, ìyá mi ò tíì bó ẹ̀wà yẹn tán."

Coquelet sún mọ́ ọn. "Bàbá, mo máa yọ òkúta yẹn lọ́la o."

"Ẹ yọ ọ́ lónìí. Ẹ pa iná."

Ẹni tó ń yí fíìmù pa iná, kò dúró gbàṣẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa bá wáìnì lọ, ojú ò tiẹ̀ tì wá. Àwọn díẹ̀ jókòó, àwọn kan nínú wọn torí ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n. Ìyá arúgbó bó ẹ̀wà rẹ̀ tán, ilẹ̀ ṣú. Ẹnikẹ́ni ò pàtẹ́wọ́. Ìyàwó oníbúrẹ́dì ló sọ̀rọ̀.

"Ìyá Léontine nìyẹn. Ó máa ń bù nínú ẹ̀wà yẹn fún wa nígbà tá a wà lọ́mọdé."

"Òun ni," ni Anselme wí, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Orúkọ oníṣègùn kan tó ta omi ṣúgà fún wa bí oògùn títí ọjọ́ ayé rẹ̀ ló wà lára gbọ̀ngàn náà báyìí. Òun ti kú ní tòótọ́. Ní ti Anselme, ó ṣì ń wá ra búrẹ́dì. Ìyàwó oníbúrẹ́dì á ní, "Ẹ káàárọ̀, Olóògbé," ó sì máa ń dá a lóhùn.