Ìpà Akínpẹ̀lú, Ọlọ́pàá Ẹran

Nígbà tí Akínpẹ̀lú ń ṣọdẹ, Mọ̀ríámọ̀ aya rẹ̀ ló ń yan ẹran tó bá pa, òun náà ló ń tà á ní Ọjà Igbó, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tó yá, ìjọba gba ọkùnrin náà síṣẹ́ géèmù gáàdì nínú igbó ọba, láàrin àwọn òkè àpáta tó wà lẹ́yìn Ọ̀yọ́ lọ́hùn-ún, kó máa ṣọ́ àwọn ẹran tó ti ń pa tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tó wọ kákí ló sọ pé ẹran igbó ò gbọdọ̀ wọ igbá aya òun mọ́. Mọ̀ríámọ̀ ò jiyàn. Irú ló yíjú sí. Àwọn obìnrin ọjà ń pè é ní ìyàwó ọlọ́pàá ẹran, wọ́n á máa bi í bóyá àwọn àgbọ̀nrín ti san owó oṣù ọkọ rẹ̀.

Ohun tó dùn ún jù kì í ṣe yẹ̀yẹ́ wọn. Ìgbà kan wà tí ọkọ rẹ̀ máa ń ní kó di oúnjẹ ẹni méjì fún òun bí òun bá ń lọ sí Ọ̀yọ́. Mọ̀ríámọ̀ gbà pé obìnrin ló wà ńbẹ̀. Ó bá a jà títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà ò sọ ju pé kó sáà máa dì í.

Lójò ọdún tó kọjá ni ibà gbé Akínpẹ̀lú lọ. Wọ́n sì ní ọdẹ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ò bá ṣe ìpà fún, tí wọn ò kọrin gbé ohun ọdẹ rẹ̀ padà sígbó, ilẹ̀kùn ọ̀run kì í ṣí fún un. Inú igbó ni yóò máa rìn kiri. Láti ìgbà náà ni Mọ̀ríámọ̀ ò ti sùn àsùnwọra. Bó bá ti dijú báyìí, àfi bí ẹni pé ó ń gbọ́ ìrìn ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

Ló bá lọ bá Olúọdẹ, olórí ẹgbẹ́ ọdẹ, pé kí wọ́n wá ṣe ìpà ọkọ òun. Wọ́n fún un níjòókòó, wọ́n kí i kú àṣẹ̀yìndè. Olúọdẹ ní ẹni tó ń ju ọdẹ sẹ́wọ̀n kì í ṣe ọdẹ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn á ṣe ìpà náà bí Mọ̀ríámọ̀ bá lè bẹ àwọn gáàdì tó kù kí wọ́n ṣe bí ẹni tí ò rí àwọn, káwọn pa àgbọ̀nrín kan nínú igbó ọba. Ìyàn Sáàpù, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ń bá gbogbo wọn jà. Mọ̀ríámọ̀ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọ̀fun ni.

"Ẹran tí ọkọ mi tìtorí ẹ̀ di ọ̀tá yín," ló wí, "ẹ ò ní fi òkú ẹ̀ jẹ ẹ́."

Ó dìde, ó gba ilé lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àpò ọdẹ ọkọ rẹ̀ kọ́ èjìká, ó di gáréèjì, kó lọ gbé e sẹ́sẹ̀ òkè igbó ọba fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ mọ̀ pé obìnrin kì í ṣe é. Ibẹ̀ ni ọdẹ kan, Mùílì, ti bá a, pẹ̀lú àkùkọ lábíyá. Mùílì wà láàrin àwọn ọdẹ lánàá, kò lanu. Akínpẹ̀lú ló mú un lọ́jọ́ tí Mùílì pa abo àgbọ̀nrín tó lóyún, Mùílì sì ṣẹ̀wọ̀n rẹ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́.

Mùílì ní kí Ìyá gbé àpò wá, àkùkọ ilé òun lòun ó fi ṣe ìpà náà. Mọ̀ríámọ̀ bi í pé kí ló mú un ṣe é fẹ́ni tó jù ú sẹ́wọ̀n.

"Ta lẹ rò pé ó ń jẹ oúnjẹ yín l'Ọ́yọ̀ọ́?" ni Mùílì wí. "Ó ń rojọ́ yín fún mi. Èmi ni àlè tẹ́ ẹ ń tìtorí ẹ̀ bá a jà. Irú yín máa ń pọ̀ jù lọ́bẹ̀, Ìyá."

Ẹ̀rín ni Mọ̀ríámọ̀ fẹ́ rín, omijé ló jáde.

Nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè, ó kọ̀yìn síbẹ̀ bí obìnrin ti í ṣe, ó jókòó lórí òkúta. Ohùn ẹnì kan ló ń gbọ́ níbi tó yẹ kí ohùn ti pọ̀, títí ohùn náà fi há. Mùílì padà lọ́wọ́ òfìfo. Ó ní òun rí ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín létí omi, ti ìyá àti tọmọ.

Mọ̀ríámọ̀ ní ó dáa. Ó nawọ́ kó fa òun dìde.

"Jẹ́ ká máa lọ, Mùílì. Oorun ń kùn mí."